Kú Òtútù Tí Mo Gbà Nínú Oòrùn

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé ara ti ń mókun? Sìdíkátù ọmọ yín ló ń kí yín láti Dọ́blìn, lórí ìkúnlẹ̀. Mo kí Ìyá Àdínì àti gbogbo ìyá wa ní àsàlátù. Múnírà, àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, ka ìwé yìí sókè létí gbogbo wọn. Má fo ìlà kankan, torí àtàwọn náà ni mo parọ́ fún.

Iṣẹ́ ń lọ, alihamudu lilahi. Ìlú yìí ti di olówó lójijì, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n èmi ò kúrò lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú ní àdúgbò Coolock. Mò ń wẹ ìyá, mò ń fún un lóògùn. Bàbá ní tiẹ̀, bí òjò bá lù ú dé egungun, "grand" ni yóò pè é, ìyẹn ni pé kò sí wàhálà.

Nígbà tí òtútù fẹ́ wọlé lọ́dún tó kọjá, wọ́n ra ọkọ̀ ńlá kan tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. A gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí a gúnlẹ̀, bàbá wà á títí a fi dé bèbè odò tó pín Sípéènì àti Pọtogí níyà. Àwọn arúgbó bíi tiwọn pọ̀ níbẹ̀ lọ, oníkálùkù pẹ̀lú ọkọ̀ tirẹ̀, wọ́n gbé àga síta, wọ́n ń yá oòrùn. Oṣù mẹ́ta la lò. Ọsàn ń pọ́n lórí igi. Sálúbàtà ni mo ń wọ̀ kiri.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ẹ pè mí níbẹ̀. Fóònù kì í sọ ibi tí ènìyàn wà. Ẹ ní, Sìdí, kú òtútù o. Màámi, òógùn wà lọ́rùn mi nígbà yẹn. Ẹnu mi kàn dáhùn pé ẹ ṣé, mà, ó mú gan-an ni. Yorùbá ní ìkíni fún ohun gbogbo, ṣùgbọ́n mi ò mọ èyí tí wọ́n fi ń kí ẹni tó sá lọ jayé. Lọ́sẹ̀ kejì ẹ tún kí mi bẹ́ẹ̀, mo tún gbà á. Mo tiẹ̀ fi kún un pé aṣọ tí mo ní ò gba òtútù.

Mi ò mọ̀ pé ẹ ó dìde ní àsàlátù, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣàdúà fún ọmọ tí òtútù fẹ́ pa. Mi ò mọ̀ pé ẹ ó ká kíjìpá tí ẹ fi ń bora, kí ẹ fi rán èrò Dọ́blìn sí mi. Ìgbà tí mo padà dé ni mo bá a lọ́dọ̀ aládùúgbò. Òórùn àdín yín ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Múnírà sọ pé ọyẹ́ mú yín, pé ikọ́ ò jẹ́ kí ẹ sùn, pé kò sì tíì lọ tán. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Ojú tì mí.

Èyí tó kù ló nira jù. Lọ́dún tó kọjá, mo ní ọ̀gá mi ò fún mi láyè láti wálé. Wọ́n fún mi, Màámi. Bàbá ní ọmọ àwọn lè tẹ̀lé àwọn lọ síbi oòrùn yẹn, kí n lọ rí ìyá mi. Èmi ni mo ní rárá. Ó rẹ̀ mí kí àdúgbò máa bi mí nípa ọkọ tí mo kọ̀. Mo fẹ́ wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Mo rí ibẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi Màámi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni mo parọ́, Màámi kàn fẹ́ràn ọmọ wọn ni. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, á gba àdúà yín. Mo kí tọmọdé tàgbà.

Mo ti gbàyè, Màámi. Oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀ wálé. Bí ẹ bá fẹ́ nà mí, ẹ nà mí. Ẹ ṣáà dúró dè mí.

Ọmọ yín,
Sìdíkátù