Obìnrin Òkúta Tí Bàbá Sun

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, 1744
Bàbá tó bí Lattanzio ọkọ mi dé láti Tivoli lónìí, orí kẹ̀kẹ́ ẹrù ló jókòó sí. Láti ìgbà tí ìyá ọkọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó ń dáná fún un mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, kò ṣeé fọ̀. Ìdí iléru ló ti lo ayé rẹ̀ — wọ́n á fọ́ òkúta, wọ́n á sun ún, àwọn kọ́lékọ́lé á ra ẹfun rẹ̀. Bàbá Ẹfun ni màá máa pè é níhìn-ín.

Ọjọ́ Rú, ọjọ́ kẹrin
Bàbá Ẹfun dúró ti àwòrán tí Lattanzio ń yà. Òpó àwọn ará àtijọ́, ilé òrìṣà tó ti wó, ère obìnrin tí kò lápá, ewúrẹ́ létí omi. Ó ní, ibo nìyí? Lattanzio ní kò sí níbì kankan — òpó yẹn wà nítòsí wa ní Róòmù, afárá yẹn wà lọ́nà Naples, òun ló sọ wọ́n di aládùúgbò.
"Wọ́n ń sanwó fún irọ́ yìí?"
"Wọ́n ń san án, Bàbá."
"Ìyẹn dáa. Èmi tí mò ń ta òótọ́, díẹ̀ ló kù kí ebi lù mí pa."
Mo rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi jóná.

Ọjọ́ Bọ̀, ọjọ́ karùn-ún
Òjò. Ẹ̀wà. Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì yìí ṣì gùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ
Bí a ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn kó sinmi, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn, a ò bi í. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n hú obìnrin òkúta kan jáde nínú oko àjàrà. Odidi ni. Ó gbọ́rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ń pè látẹ̀yìn. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fọ́ ọ, wọ́n kó o sínú iléru.
"Ẹfun rẹ̀ dáa o! Òun la fi sanwó agbẹ̀bí rẹ, Lattanzio."
A délé, ọkọ mi lọ jókòó ti àwòrán rẹ̀. Kò jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá
Ó ti pa obìnrin tí kò lápá rẹ́ nínú àwòrán. Òmíràn ló ń yà, odidi, ó gbọ́rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tún ya arúgbó kan sí i, tó kẹ́yìn sí wa, lórí òkúta tó ṣubú. Ó pe Bàbá: ṣé bí ojú obìnrin náà ṣe rí nìyí?
Bàbá ní, "Mi ò mọ̀. Ẹni tó fẹ́ fọ́ nǹkan kì í wo ojú ẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá
Inú ń bí mi. Orí-Àgùntàn wá wo àwòrán tó ní kí wọ́n yà fún òun — ọlọ́lá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, irun funfun tó ń dé lórí ló jẹ́ kí n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ó bá Bàbá tó ń bó ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ó bi ọkọ mi pé ta nìyí. Lattanzio ní, "Ìránṣẹ́ wa ni."
Bàbá gbọ́. Ó dìde, ó gba ẹ̀wù òjò ọkùnrin náà, ó fi kọ́. Bí ìránṣẹ́ gidi!
Mo bá ọkọ mi jà nídìí ààrò. Ó ní àwọn èèyàn yìí ń la òkun kọjá wá wo àwọn òkúta yìí, kí lòun fẹ́ wí, pé ọmọ ẹni tó ń sun wọ́n lòun? Mo ní kó máa fi irọ́ rẹ̀ mọ sórí aṣọ àwòrán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá
Bàbá ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ wo àjàrà òun. Mo fi bàtà rẹ̀ pamọ́.

Ọjọ́ Bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún. Àjọ̀dún Jósẹ́fù Mímọ́
Mo ń din àkàrà aládùn tọdún nígbà tí Orí-Àgùntàn dé. Obìnrin òkúta yẹn wù ú. Ó bi Lattanzio pé ibo ló wà, òun fẹ́ fojú ara òun rí i kí òun tó padà sílé. Kí ọkọ mi tó dáhùn, Bàbá Ẹfun fọhùn láti ìdí iná:
"Mo ti sun ún, ọ̀gá. A ti jẹ ẹ́ tán."
Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìránṣẹ́ yín yìí mọ àwàdà ṣe. Ó wá ní àwòrán náà dára, àfi kí wọ́n yọ alágbe orí òkúta yẹn kúrò, ó ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́.
Lattanzio nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní:
"Kì í ṣe alágbe. Bàbá mi ni. Òótọ́ ló sì sọ fún yín, ó sun ún, òun náà ló fi tọ́ mi. Kò ní kúrò níbẹ̀."
Orí-Àgùntàn wo ọmọ, ó wo baba. Ó ní òun á rò ó, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.
Bàbá mú àkàrà kan. Ojú rẹ̀ pọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́
Orí-Àgùntàn ò ránṣẹ́. Bóyá kò ní ránṣẹ́ mọ́.
Láàárọ̀ yìí Bàbá tún lọ dúró ti àwòrán náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yìn òun ló yà.
Lattanzio ní, "Mi ò mọ bí màá ṣe ya ojú yín, Bàbá."
Bàbá gbé àpótí síwájú fèrèsé, ó jókòó, ó kọjú sí i.
"Ó yá, wò ó."
Mo bá mú agbọ̀n, mo jáde lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tí mo dé, wọ́n ṣì wà bẹ́ẹ̀.