Ìbàdí Vincent Ni Mo Fi Ń Gbá Bọ́ọ̀lù

                                                            Ilé Fọláránmi,
                                                            Ọ̀nà Ìkọ̀yà,
                                                            Òkìtìpupa.
                                                            Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 1971.

Jẹ́jẹ́lọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Catherine ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé òtútù Jọ́ọ̀sì yẹn ti mọ́ wọn lára? Ikọ́ tó ń yọ Màmá lẹ́nu nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti lọ? Mo gbà pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wa lórí ìyẹn. Bí o bá bèèrè wa, Eunice àti àwọn ọmọ wà dáadáa, oúnjẹ ń wọlé, kò sí ẹni tí orí ń fọ́. Èmi nìkan ni mi ò mọ bí mo ṣe máa dáhùn bí o bá bèèrè mi. Má tíì já láyà. Jókòó, kí o kà á dé ìsàlẹ̀.

O ti gbọ́ pé Vincent kú. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e lọ sílé ní etí òkun ló dojú dé ní ìparí òjò tó kọjá. Wọ́n rí àwọn yòókù, òkú àti ààyè, ṣùgbọ́n wọn ò rí Vincent. Nínú ìdílé wọn, bí omi bá gbé ènìyàn lọ tí wọn ò rí òkú rẹ̀, aṣọ tó bọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọ̀ ni wọ́n ń sin sí etí omi, kí olóògbé lè rí ibi sùn. Bí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà láyé, òun ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sínú ilẹ̀. Màmá Aníwúrà, ìyá Vincent, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọmọ òun ò kú. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí ó ti wọ inú ara mi.

Ṣé o rántí bí o ṣe máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí gọ́ọ̀fù? O ní àgbàlagbà wo ló ń fi ọ̀pá lé bọ́ọ̀lù tí kò ju ẹyin àparò lọ kiri pápá, tí á tún máa wá a nínú igbó bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Máa rẹ́rìn-ín lọ. Látìgbà tí àwọn òyìnbó oko ọ̀pẹ ti ń dín kù ni wọ́n ti ń jẹ́ kí àwa akọ̀wé náà máa gbá a, Vincent àti èmi la sì jọ bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Èmi ní tèmi, ọmọ àgbẹ̀ Ìkálẹ̀ ni mí, bí ẹni tó ń ṣán oko ni mo ṣe ń gbá a. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: bí àdá bá ti dé òkè, ọwọ́ la fi ń já a wálẹ̀ wàì, ìbàdí ò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀. Koríko á gé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í ṣe koríko. Ọrùn-ọwọ́ mi á ti da gbogbo agbára rẹ̀ nù lókè kí ọ̀pá tó dé ìsàlẹ̀, bọ́ọ̀lù á wá ta pọ́n-ún bí ọ̀pọ̀lọ́, á kó sí kòtò.

Vincent ní kí n gbàgbé àdá, kí n ronú nípa àwọ̀n. Inú ọkọ̀ ẹja ló dàgbà sí. Ó ní ẹni tó ń ju àwọ̀n kì í fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìbàdí ló kọ́kọ́ ń yí sọ́dọ̀ omi, èjìká á tẹ̀lé e, ọwọ́ á máa bọ̀ lẹ́yìn pátápátá, á ṣì di àwọ̀n mú. Ìgbà tí ara bá ti yí tán ni ọrùn-ọwọ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u sílẹ̀. Bí o bá tú u kí àkókò tó tó, àwọ̀n á kó jọ sójú kan, ẹja á máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín. “Mú un dání! Má tíì tú u!” Bó ṣe máa ń pariwo mọ́ mi nìyẹn, tí gbogbo ènìyàn á máa wò wá. Ó yé mi, ṣùgbọ́n kò yé ara mi. Títí Vincent fi kú, ìbàdí mi le bí òpó ilé.

Lẹ́yìn tí a ti dárò rẹ̀ títí, mo padà sí pápá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí n kàn fi gbàgbé ìbànújẹ́ díẹ̀. Mo gbé ọ̀pá sókè. Jẹ́jẹ́lọlá, mi ò ní purọ́ fún ọ, èmi kọ́ ni mo yí ìbàdí mi. Ó yí fúnra rẹ̀. Ó lọ síwájú, ọwọ́ mi dúró lẹ́yìn, ó dúró títí mo fi rò pé ó ti pẹ́ jù, kí ọrùn-ọwọ́ mi tó wá tú. Bọ́ọ̀lù fò dé ibi tí tèmi ò dé rí. Inú mi ìbá dùn, ṣùgbọ́n kí n tó gbá a, mo ti fi ìgúnpá òsì fa ṣòkòtò mi sókè. Vincent ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ò ṣe é rí láyé mi. Benedict tó ń tọ́jú pápá rí mi, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ní “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Òun ló gbé e dé etí Màmá Aníwúrà, tó ti wá ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀ nínú ìlú yìí látìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo rí obìnrin náà lábẹ́ ọ̀pẹ ní etí pápá, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò mí. Bí mo bá gbá bọ́ọ̀lù, á mi orí. Bí mo bá ṣe tán, á lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí tó fi di iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kì í fi nǹkan kan ẹnu nílé mọ́, ó ti rù kan eegun. Nígbà tí ẹbí bèèrè ṣẹ́ẹ̀tì tí Vincent bọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó bú wọn bí ẹni láyin. Ó ní ta ni wọ́n fẹ́ sin? Ó ní ọmọ òun wà ní pápá, ó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Bàbá Àlàmú, àbúrò ọkọ rẹ̀ yẹn, wá bá mi nílé. Ojú arúgbó náà ti wọnú. Ó bẹ̀ mí pé kí n má gbá bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí bí wọn ò bá rí Vincent sin, ebi á pa ìyá rẹ̀ kú síbẹ̀. Mo gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbá a bí ẹni ṣán oko, ọwọ́ níwájú, ìbàdí gbọin-gbọin. Bọ́ọ̀lù ta pọ́n-ún, inú mi dùn pé mo ti bà á jẹ́. Ni ohùn kan bá dún láti abẹ́ ọ̀pẹ: “Mú un dání! Má tíì tú u!”

Màmá Aníwúrà ni. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun ló kọ́ Vincent ní àwọ̀n jíjù nígbà tí bàbá rẹ̀ kú tí kò sí ọkùnrin mìíràn nínú ọkọ̀ wọn. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gba ọ̀rọ̀ tó ń pariwo mọ́ mi. Mo tún gbé ọ̀pá sókè, mo ní n óò tún bà á jẹ́, ìbàdí mi ò gbà. Ti obìnrin yẹn ló gbọ́, kò gbọ́ tèmi.

Bí èyí ò ṣe ṣiṣẹ́ ni Bàbá Àlàmú bá gbé ọgbọ́n mìíràn dé. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé èmi nìkan ni ìyá náà kà sí ènìyàn, kí n jẹ́ kó pè mí bó ṣe fẹ́, kí n sì sọ fún un pé kó gbé aṣọ sílẹ̀. Eunice ní kí n má dán an wò. Ó ní orúkọ òkú kì í ṣe ohun tí à ń yá lò. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, bí mo bá ti rí omi lójú àgbàlagbà, ọgbọ́n mi ti tán nìyẹn. Nígbà tí Màmá Aníwúrà fi abẹ́ ọ̀pẹ sílẹ̀ tó rìn wá bá mi, tó fi etí ìró rẹ̀ nu òógùn ojú mi, tó sì ní, “Ọma mi, Vincent,” bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ wọn, mo ní, “Mà.” Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n sin ẹni tó kú, kí ara lè tu gbogbo ilé. Ó wò mí lọ títí. Ó bèèrè bóyá bí mo ṣe fẹ́ nìyẹn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, òun á gbé aṣọ wá. Ẹni tó bá ṣe ohun tẹ́nìkan ò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tẹ́nìkan ò rí rí.

Ní Sátidé, a kó ara wa lọ sí etí odò. Alùfáà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àdúrà rẹ̀, ẹbí pé, àwa akọ̀wé náà pé, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀. Màmá Aníwúrà dé nínú aṣọ funfun, ó ti wẹ̀, ó ti dirun, kò sunkún rárá. Àwọn obìnrin ń yìn ín pé ó ṣe ọkàn akin. Ó kúnlẹ̀, ó tú ìdì kékeré tó mú dání, ó tẹ́ aṣọ náà sínú kòtò bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn. Eunice ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbá apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọlé. Ṣẹ́ẹ̀tì onílà aró tí òun fúnra rẹ̀ rán fún mi ni. Mo ti bọ́ ọ kọ́ ọgbà pápá ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú, mi ò bá a níbẹ̀ mọ́, a ní olè ló jí i.

Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ó ti bu erùpẹ̀ sí i. Ó pe orúkọ mi sínú kòtò, ó ní, “Ambrose, ọmọ Fọláránmi, o ṣeun tí o bá ọmọ mi ṣọ̀rẹ́. Sùn re o. Má bínú sí wa.” Lẹ́yìn náà ló dìde, ó wá bá mi láàárín gbogbo wọn, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ká máa lọ sílé, oúnjẹ ti ń tutù.

Alùfáà ń ka ìwé rẹ̀ lọ. Àwọn tó ní ọkọ́ lọ́wọ́ wo ojú Bàbá Àlàmú, Bàbá Àlàmú wo ilẹ̀, wọ́n sì kó erùpẹ̀ bò ó.

Eunice ti sunkún títí pé kí wọ́n hú aṣọ náà. Bàbá Àlàmú ní ohun tí a bá ti gbé fún ilẹ̀ etí omi, a kì í gbà á padà, kí n fọkàn balẹ̀, aṣọ lásán ni. Aṣọ lásán! Kí ó lọ sin tirẹ̀ ná, ká wò ó. Màmá Aníwúrà ti ń jẹun báyìí, ara rẹ̀ ti ń padà, ó ń kọrin. Ó ń gbé púpurù, òkèlè ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wọn, àti ọbẹ̀ ẹja wá fún mi nílé. Eunice ní kí n má fi kan ẹnu, ṣùgbọ́n mo ń jẹ ẹ́ nígbà tí kò bá sí nítòsí. O sì mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ẹja, ìwọ ni mo máa ń yọ tèmi fún nílé ìwé. Ó ti ń dùn lẹ́nu mi báyìí.

Mi ò lọ sí pápá mọ́, kò sì ràn án. Bí mo bá ń rìn lọ síbi iṣẹ́, ìbàdí mi á máa ṣáájú mi. Ẹ̀rù ń bà mí, Jẹ́jẹ́lọlá, mi ò tijú láti sọ ọ́. Lánàá, ọ̀gá wa pe Ambrose nínú ọ́fíìsì, mo sì wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tó ń pè.

Jọ̀wọ́, tètè dá èsì padà. Mi ò fẹ́ ìmọ̀ràn. Orúkọ mi ni kí o kọ sí i, kọ ọ́ gàdàgbà, má kàn pè mí lọ́rẹ̀ẹ́. Kọ àwọn ohun tí èmi àti ìwọ jọ ṣe ká tó mọ Vincent rárá, èyí tí òun ò lè mọ̀. N óò máa kà á sókè sí ara mi létí.

Bá mi kí Catherine, kí àwọn ọmọ, kí Màmá dáadáa. Eunice ń kí gbogbo yín. Ó dúró tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí orúkọ tí mo máa kọ sísàlẹ̀.

                                                            Èmi ni tìrẹ, bí mo bá ṣì jẹ́ èmi,
                                                            Ambrose Fọláránmi.