Búrẹ́dì Ló Mu Omi Náà

Kùdírátù àbúrò mi,

Gbìmù-gbìmù ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì lẹ́yìn ilé wa ní Agége kò kúrò létí mi ní gbogbo ogójì ọdún tí mo fi wà ní Kánò. Òun ló kó bá mi.

O kó gbogbo ife pamọ́ torí pé dókítà tó ń wo kíndìnrín mi ní kí n dín omi mímu kù, àmọ́ o gbàgbé abọ́. Inú abọ́ ni mo ti ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì. Mo ní búrẹ́dì ló mumi, èmi kọ́. Oògùn mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Mi ò fẹ́ fi ìwọ̀nba omi mi ṣòfò lórí ẹ̀.

Lánàá, níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi n'Íkẹjà, mo fi kílò mẹ́rin wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Mo bọ́ bàtà, mo ṣí fìlà, mo yọ eyín tí mo rà, mẹ́rin náà ni. Ìwọ wá ń jà fún mi: "Nọ́ọ̀sì, ìwọ̀n yín ń parọ́! Wálláhì, bọ̀ọ̀dá mi ò fẹnu kan omi!" Wọ́n gbà ọ́ gbọ́, wọ́n sì fa omi díẹ̀ péré kúrò lára mi.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó dé balùwẹ̀, èémí mi ti fẹ́ẹ̀ já. Mo ti wọ kẹ̀kẹ́ padà síbẹ̀. Kó oògùn náà wá bá mi. Má mú búrẹ́dì dání o.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì nìyí: "Ìwọ̀n yín ò parọ́, àbúrò mi ò sì mọ nǹkan kan. Èmi ni mo jẹ omi náà."