Ajílẹ̀ Ìgbà Mẹ́ta Lójúmọ́

                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Òkè Kejì,
                                        Ilé Alátẹ̀gùn Pupa.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi Aláròyé,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, àbí ìwọ ló jọ, tí kì í dákẹ́? Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Mo mọ̀ pé ara Màmá le, torí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá kì í kọ lẹ́tà síni kó fi odindi ojú ìwé méjì béèrè igi ọsàn wẹ́wẹ́ kó tó béèrè èmi ọmọ tó bí. Ara tiwa náà le. Ara igi ni ò yá. Tí Màmá bá wà nítòsí, jọ̀ọ́, má ka lẹ́tà yìí sókè.

O mọ̀ pé látìgbà tí Màmá ti gbin igi yẹn sínú ìkòkò ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò sẹ́ni tó ń fún un lájílẹ̀ àfi àwọn. Ọdún mẹ́rìndínlógójì táwọn àti Bàbá ti jọ wà, gbogbo nǹkan inú ilé yìí ni Bàbá lè fọwọ́ kàn, àyàfi ìkòkò yẹn. Lọ́jọ́ tí Màmá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ni wọ́n fà á lé Bàbá lọ́wọ́ níṣojú mi, pẹ̀lú ìwé pélébé kan: omi nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ bá gbẹ, ajílẹ̀ ṣíbí kékeré kan nínú garawa omi kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Inú Bàbá dùn débi pé gbogbo àwọn tá a jọ ń lo àtẹ̀gùn ni wọ́n sọ fún.

Ṣùgbọ́n o mọ bàbá rẹ. Ẹni tó ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́tàdínlógójì kì í gba ìwé oògùn lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà. Wọ́n ro ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ méjì, wọ́n ní oògùn náà kéré, pé àwọn ò rí aláìsàn tó ń lo oògùn lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó dìde rí. Wọ́n sọ ọ́ di ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n so ìwé mọ́ ìkòkò náà lára, bí wọ́n ti ń so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, wọ́n ń máàkì í. Mo jókòó ti maṣínì ìránṣọ mi, mo ń wò wọ́n. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wa wà nílé, ewé ṣáà ń wọ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, etí àwọn ewé náà ti jó bí aṣọ tí mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù lé lórí, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì hù sórí iyẹ̀pẹ̀. Bàbá ní àìlókun ni, wọ́n bá fi ajílẹ̀ kún un. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ewé mọ́kàndínlógún ló kù lórí igi, Bàbá ò sì kí èèyàn lórí àtẹ̀gùn mọ́.

Èmi ni mo lọ bẹ ọkùnrin tó ń tọ́jú ọgbà ilé ìwé tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa. Ó ka ìwé ara ìkòkò tán, ó fi èékánná ha nǹkan funfun yẹn, ó wo Bàbá. Ó ní, "Bàbá, oúnjẹ ló ń pa á." Ó ṣàlàyé pé ajílẹ̀ ò ríbi lọ nínú ìkòkò, ó ti jó gbòǹgbò, igi ò wá lè mu omi mọ́. Ká da omi lásán sí i títí táá fi máa jò nídìí, ká sinmi, ká tún dà á, lẹ́ẹ̀mẹta. Ká má tún fún un lájílẹ̀ títí táá fi yọ ewé tuntun. Mo rò pé Bàbá máa jiyàn. Wọ́n mú bírò, wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé náà: KÒ GBỌDỌ̀ JẸ NǸKAN KAN. Ìyẹn yé wọn dáadáa. Balùwẹ̀ la gbé e lọ, ibẹ̀ ló ṣì wà, èmi ń wẹ̀ nílé ìdáná.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ rèé. Má jẹ́ kí Màmá bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Sọ pé ọmọ ń wúkọ́, sọ ohunkóhun tó o bá rí sọ, dá wọn dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bóyá ewé tuntun á ti yọ.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn tí Bàbá fi wá dúró sẹ́yìn mi, wọ́n sì kà á. Wọn ò bínú. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Wọ́n ní látọ̀sẹ̀ kejì làwọn ti mọ̀ pé nǹkan ò lọ dáadáa. Wọ́n ní látìgbà tí Màmá ti lọ, àwọn ò rẹ́ni bi bóyá ó ti jẹun, pé èmi, táwọn bá bi mí, màá ní mo ti jẹ. "Igi yẹn nìkan ni ò sọ fún mi rí pé òun ti yó." Òótọ́ ni, àbúrò mi. Ojú tì mí gan-an.

Wọ́n ní kí n pa ẹ̀bẹ̀ yẹn rẹ́. "Jẹ́ kó máa bọ̀," ni wọ́n wí. "Kó wá bínú sí mi nílé."

Mi ò pa á rẹ́, kó o lè mọ̀ pé mo gbìyànjú, ṣùgbọ́n má ṣe é. Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o sì bá mi gbá ọmọ mọ́ra dáadáa. Di ẹrù Màmá kó tó dọjọ́, má jẹ́ kí mọ́tò fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá ti lọ fá irùngbọ̀n. Mo sọ fún wọn pé ó ṣì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
                                        Abẹ́rẹ́.