Èémí Kì Í Dúró De Iṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, ẹni tó pọ̀n mí kó tó bí ọmọ tirẹ̀,

Mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Mo nírètí pé orúnkún yín ti gbà fún yín láti dìde lórí àga láìdi nǹkan mú, àti pé gbogbo ilé wà ní àlàáfíà. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé yìí.

Kí lẹ́tà yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ìyàwó mi àti ọmọ wa Rédíò á ti dé ọ̀dọ̀ yín. Àárọ̀ òní ni mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi ìyàwó mi ni pé, "Ọkọ rẹ dà?" Ẹ má bínú sí i bí kò bá dáhùn. Èmi ló yẹ kí n dáhùn.

Ẹ óò rántí ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a wá lò lọ́dọ̀ yín. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ náà ló ní ká dán an wò. Ó ní, "Bàbá, oògùn tí mò ń fún un kò lè bá èéfín ìlú yìí jà. Bí ikọ́ fée yìí bá rọlẹ̀ ní ìlú kékeré yẹn, ẹ kó lọ síbẹ̀ pátápátá." Ẹ̀yin náà fojú yín rí i. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láìsinmi lẹ́ẹ̀mejì, òun ló ń lé adìyẹ àdúgbò yín kiri. Kò fín oògùn sọ́fun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnu tí kì í sinmi, tó mú kí a sọ ọ́ ní Rédíò, tún là, débi pé ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí Ọlọ́run gbọ́ àdúrà tiyín náà.

Ohun tí n kò sọ fún yín nígbà náà ni ibi tí mò ń lọ láràárọ̀. Mo ní mò ń nasẹ̀. Irọ́ ni. Iṣẹ́ ni mò ń wá. Ẹ mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n ṣe: àtúnṣe lífìtì, àpótí onírin tó ń gbé èèyàn ròkè, tí ìyá wa ń pè ní àpótí agbénimì, tí kò sì gbà láti wọ̀ títí tó fi kú. Nínú gbogbo ìlú yín, ilé mẹ́ta ló ní in. Àwọn èèyàn ìlú ńlá wa níbí ló ń wá tún méjì ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ̀kẹta wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan, ó ti kú láti ọdún mẹ́fà. Mo bẹ onílé kó jẹ́ kí n jí i dìde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, àtẹ̀gùn là ń gùn níbí. Àtẹ̀gùn kì í bàjẹ́." Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi kànga ṣe ni mo parí rẹ̀ sí. Ó wo irun funfun orí mi, ó ní òun lè gbà mí ṣe ọmọṣẹ́. Ọmọṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà wá sílé yín, mo sì jẹun.

Nígbà tí a dé ìlú wa, àìsàn náà ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà bí ajá tó mọ olówó rẹ̀. Ìyàwó mi, ẹ mọ̀ pé ilé ìwòsàn ló ti ń fọṣọ, ní kí a kó lọ kí oṣù tó parí. Mo ní bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí la máa jẹ? Ó ní, "Iṣẹ́ lè dúró de èèyàn. Èémí kì í dúró de iṣẹ́." Ó dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Síbẹ̀ mò ń sún un síwájú. Mo ní ká jẹ́ kí òjò dá. Mo ní ká jẹ́ kí ọmọ parí ìdánwò. Àwọn àgbà ní bí iwájú ò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí. Wọn kò sọ ti ẹni tí iwájú dí mọ́, tí ẹ̀yìn náà tún dí mọ́.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wà lókè téńté ilé ìwòsàn yẹn, nínú yàrá tí ẹ̀rọ lífìtì wọn wà. Ẹ̀rọ náà ti gbó, èmi nìkan ni mo mọ àìsàn rẹ̀. Mo ti tú u palẹ̀ láti àárọ̀, gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà lórí ìwé ìròyìn nílẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ìyàwó mi láti ìsàlẹ̀ ihò lífìtì: "Ẹ gbà mí o! Ẹ bá mi ṣí i, ọmọ mi ò lè mí!" Ilé-ìwé ni wọ́n ti gbé Rédíò wá, àjà karùn-ún sì ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọdé ní afẹ́fẹ́. Ohun tí mo fi wákàtí mẹ́ta tú, ta ló lè tò ó ní ìṣẹ́jú kan? Mo mú nọ́ọ̀tì kan, ó bọ́. Mo mú òmíràn, ó bọ́. Mo bá sáré gba orí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀. Àjà kẹta ni mo ti pàdé wọn. Ìyàwó mi ló pọ̀n ọ́n, ètè ọmọ náà ti ṣú. Mo nawọ́ láti gbà á. Ìyàwó mi ní, "Má fi gírísì kàn án!" Ọdún mẹ́rìnlá tí a ti fẹ́ra, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó kọjá lára mi, mo sì ń tẹ̀ lé wọn bí àlejò.

Ọlọ́run ṣàánú wa, ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mímì orí ni Rédíò fi ń dá wa lóhùn.

Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Ó kàn ń di ẹrù ni, ẹrù èèyàn méjì. Lánàá ó ká aṣọ iṣẹ́ mi tó ti fọ̀ sórí ibùsùn, ó ní, "N ò ní kẹ́ ẹ wá, n ò sì ní kẹ́ ẹ má wá." Mo lọ bá ọ̀gá mi láti sọ fún un pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ní lífìtì ilé ìwòsàn tún ti dúró, ìgbà wo ni mo máa lọ wò ó? Mo ní lọ́la. Ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Mo sì padà sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì sọ fún mi pé kí n ṣe ọkàn akin. Ibi tí wọ́n ti lè mí, n kò wúlò níbẹ̀. Ibi tí mo ti wúlò, wọn kò lè mí níbẹ̀. Omi ti pọ̀ ju ọkà lọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọmọ náà sùn sí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí pápá.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé yín gbóná. Ọwọ́ tí ẹ fi tọ́ mi, tí ẹ tún fi ń gba ọmọ mi, kò ní í rọ. Ẹ óò jẹun ọmọ, ẹ kò ní í sunkún ọmọ.

Èmi ni,
Àbúrò yín tí ẹ kọ́ ní ìrìn.

Àfikún: Bí mo ṣe ń gbálẹ̀ báyìí ni mo rí ẹsẹ̀ bàtà Rédíò kan lábẹ́ ibùsùn, ti òsì. Ìkejì á wà nínú ẹrù lọ́dọ̀ yín. Awakọ̀ tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun lè mú un dání. Mo na bàtà náà sí i. Ọwọ́ mi kò jọ̀wọ́ rẹ̀.