Aṣọ Mẹ́jọ Tí Mo Fi Ọgbọ́n Akọ̀wé Hun

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lórí wa láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Jọ́ọ̀sì níhìn-ín, bí orúnkún mi tilẹ̀ pariwo kí n tó délẹ̀. Mo kí àbúrò mi Sámúẹ́lì, olùkọ́, ẹni tó ń ka lẹ́tà mi fún yín. Mo kí ìyàwó rẹ̀ tó ń tọ́jú yín. Mo kí àwọn ọmọ, mo kí gbogbo ará Òkè-Onígbìn, mo sì kí àwọn ìyá ìjọ tó ń bá yín rìn délé lọ́jọ́ ìsinmi.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ti sọ fún mi pé bí Sámúẹ́lì bá ń ka lẹ́tà mi, tó bá dé ibi tí mo ti ń béèrè nípa òrùlé àti kànga àti ikọ́ yín, ńṣe ló máa ń fò ó, á ní ẹ̀gbọ́n òun tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó dára. Ohun tí gbogbo ìlú bá ti ń kà, ẹ jẹ́ kó fò ó kí n rí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ tí mo ní kan gbogbo ẹni tó ń hun aṣọ nílé àti ní Ìsánlú-Ìsin. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ àṣìṣe mi lẹ́nu mi kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Nítorí náà mo béèrè: ṣé wọ́n ti kan páànù tó ṣí lókè yàrá yín? Ṣé kànga ti ní ìdérí? Nígbà tí ẹ lọ sí ọsibítù ní Ọ̀mù-Àrán, kí ni dókítà sọ? Kì í ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n sọ fún mi o, ohun tí dókítà sọ gan-an. Mo tún gbọ́ pé àwọn ọkọ̀ tó ń ti Òrò bọ̀ ti ń sáré àsápajúdé. Bí ẹ bá máa wọ̀ ọ́, iwájú ni kí ẹ jókòó sí. Rárá, ẹ̀yìn ni. Mi ò tiẹ̀ mọ èyí tó sàn níbẹ̀, ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn bó bá ṣeé ṣe.

Ara tèmi le. Ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ilé. Láàárọ̀, ètè ẹni á sán, òwú á sì máa já lórí òfì bí irun arúgbó. Mo ti kọ́ láti gbé abọ́ omi ńlá sábẹ́ òfì kí atẹ́gùn ibẹ̀ lè tutù díẹ̀, ògì tí mo sì fi ń pa òwú báyìí nípọn ju èyí tí ẹ kọ́ mi lọ. Ilé dákẹ́. Ìyàwó mi wà ní Kàdúná láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ń wẹ ọmọ tí ọmọ wa obìnrin bí. Èmi nìkan ni mò ń se iṣu, èmi nìkan ni mò ń jẹ ẹ́, èmi náà ni mò ń bá ara mi wí pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Mo máa ń bá òfì sọ̀rọ̀. Òfì kì í dá mi lóhùn, ìsinmi sì ni ìyẹn náà jẹ́ fún ẹni tó ti gbéyàwó lọ́dún méjìlélọ́gbọ̀n.

Síbẹ̀, inú mi dùn. Mo ń kọ ọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, torí ẹni tó bá sọ pé inú òun dùn, bí ẹni tó ń pe wàhálà ni, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Iṣẹ́ tí mo fi ṣeré nídìí òfì yín lọ́dún tí sòbìyà mú mi lẹ́sẹ̀, tí mi ò lè bá Bàbá lọ sóko, òun ló gbà mí nígbà tí mo fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, obìnrin ló ni òfì tí a ń gbé ti ògiri. Bí ọkùnrin bá jókòó tì í, wọ́n á béèrè bóyá ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a dáko. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ri igi òfì mọ́ ẹ̀yìnkùlé níhìn-ín, ìyàwó mi ní akọ̀wé ni òun fẹ́, òun ò mọ̀ pé òun máa di ìyàwó ahunṣọ. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀ kí n tún máa ran òwú náà, kí òun máa bá mi ka ìwé ìròyìn. Ó sì kà á lóòótọ́, ó ń gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Aṣọ tí mo hun kẹ́yìn kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rán mi níṣẹ́ rẹ̀. Àpáta ẹ̀yìn ilé wa ni mo ń rò, bó ṣe máa ń rí tí ẹ bá sá iṣu èlùbọ́ sórí rẹ̀: funfun lọ́jọ́ kìíní, kó di eérú, kó wá dúdú létí. Mo rẹ òwú kan sínú aró lẹ́ẹ̀kan, mo rẹ òmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fi òmíràn sílẹ̀ bó ṣe wà, mo wá ń dà wọ́n pọ̀ bí ọwọ́ mi ṣe fẹ́. Mo tú u lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi hun ún, mi ò sì rántí pé ebi ń pa mí nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

Ara ògiri ni mo gbé e kọ́ sí nígbà tí Àlàájà Sàláwátù wọlé. Ọmọ Ṣàárẹ́ ni, ó ń ta aṣọ lọ́jà níhìn-ín. Yorùbá rẹ̀ dà bíi tiwa, àmọ́ bí inú bá bí i, èdè Nupé ló máa ń fi sọ ọ́, kí a má baà mọ ohun tó pè wá. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀, tí kálukú ti ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Kwárà, àwọn èèyàn wa tó wà nídàálẹ̀ ń wá aṣọ ilé lójú méjèèjì. Ìró mẹ́jọ ló fẹ́, kíjìpá aláró dúdú, ìlà funfun mẹ́ta-mẹ́ta kó gba ìbú wọn, kí gbogbo wọn sì jọra bí ìbejì. Mo bi í bóyá mo lè dà á láwọ̀ díẹ̀ létí. Ó ní òun ò ní kí n ronú, òun ní kí n hun aṣọ.

Mo gbà. Mo rántí páànù yín, mo sì rántí pé owó ìfẹ̀yìntì kì í mọ ọjọ́ tó yẹ kó dé. Mo tún sọ fún ara mi pé eré ti tó, iṣẹ́ ló kù.

Ìyá mi, ibí ni àṣìṣe náà wà. Ẹ mọ̀ pé apá méjì la máa ń rán pọ̀ kó tó di ìró kan. Ìró mẹ́jọ, apá mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Ní ọ́fíìsì wa, bí a bá ní ìwé púpọ̀ láti tẹ̀, a máa ń tẹ gbogbo ojú ewé kìíní tán kí a tó kan ojú ewé kejì, torí ó ń yá. Mo ní kí ni kò jẹ́ kí àwọn ìyá wa ti ronú kan èyí láti ọjọ́ yìí? Mo hun gbogbo apá ọ̀tún, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo ká wọn jọ. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ apá òsì. Mo ka ìlà, iye kan náà ni. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Iṣẹ́ náà kò dùn. Nígbà tó fi máa di apá kẹfà, bí mo bá jí, màá kọ́kọ́ gbá àgbàlá, màá bomi, màá lọ kí ẹni tí mi ò kí láti ọdún tó kọjá, kí n má baà jókòó tì í. Àmọ́ mo parí rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni mo tẹ́ apá ọ̀tún àti apá òsì sórí ẹní láti rán wọn pọ̀. Ìlà ti ọ̀tún wà níhìn-ín, ti òsì wà lọ́hùn-ún. Mo fà á, kò dé. Mo gbé òmíràn, bákan náà. Apá ọ̀tún kúrú ju apá òsì lọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ńṣe ni mo jókòó sílẹ̀, tí mo ń wò wọ́n.

Ìgbà náà ni mo tó rántí ohun tí ẹ máa ń ṣe. Bí ẹ bá sọ apá kan kalẹ̀ lórí òfì, ẹ kì í jẹun kí ẹ tó ta òwú ìkejì rẹ̀. Mo rò nígbà yẹn pé agídí ni. Mo wá wo ìwé tí mo kọ ọjọ́ iṣẹ́ sí. Oṣù tí mo hun àwọn apá ọ̀tún ni oṣù tí ẹ wà ní ọsibítù ní Ọ̀mù-Àrán, tí ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé sí mi. Gbogbo bí àyà mi ṣe ń já ni mo ń fi apásà lu òwú, mò ń gbá a mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń lu olè. Ìgbà tí mo dé apá òsì ni ìròyìn dé pé ẹ ti padà sílé, tí ọmọ-ọmọ wa náà sì wáyé láyọ̀. Ọwọ́ mi rọ̀. Orin ìyìn ni mò ń kọ tí mo fi ń hun ún. Òwú mọ̀ ọ́n, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ dáadáa ju akọ̀wé lọ.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń wá ọkọ fún aya láàárín àwọn apá mẹ́rìndínlógún náà, mò ń so èyí tó le mọ́ èyí tó le, èyí tó rọ̀ mọ́ èyí tó rọ̀. Márùn-ún bára mu. Mẹ́ta kọ̀ jálẹ̀.

Nígbà tí Àlàájà dé, mo bu omi fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó yẹ àwọn márùn-ún tó bára mu wò, ó rí i pé méjì kúrú, mẹ́ta gùn. Mo rò pé ó máa bínú. Ó ní Ọlọ́run ló dá obìnrin kúkúrú, aṣọ wọn náà ló dé yìí. Ó wá dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta yòókù, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìlà wọn dà bí àtẹ̀gùn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì, pé obìnrin tó bá ró irú èyí jáde, àwọn èèyàn á máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ọ̀kan gùn ju ọ̀kan lọ. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n gbé e kọjá iwájú ìsọ̀ òun.

Bó ṣe dìde láti lọ ló tún wo ògiri. Ó gba aṣọ àpáta náà lọ́wọ́ ìṣó, ó ń fi ìka tọ ojú ibi tí mo ti rán an. Ó ní báwo ni èyí tí mo fi ṣeré ṣe bára mu délẹ̀, tó jẹ́ èyí tí mo fi ojú iṣẹ́ wò ló yà? Mo dá a lóhùn pé mo hun ìkejì èyí lójú ẹsẹ̀, torí ara mi kò gbà á kí n dúró. Ó ní òun máa rà á. Mo ní kì í ṣe títà. Ó ní ó dáa, kí n hun ogún ìró aláró fún òun kí ọdún tó dé.

Ogún! Ìyá mi, ẹnu mi ti là láti sọ pé mo gbà. Mo wá ní rárá. Mo ní ìró méjì lóṣù ni màá máa gbà, pé apá kan á máa tẹ̀ lé ìkejì rẹ̀, àti pé bí méjì bá ti parí, màá hun ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí sí kí n tó gba òmíràn. Ó ní ahunṣọ tó ń gba ìsinmi bí olùkọ́, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ó fi èdè Nupé kún un, ó sì jáde.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi gbádùn oúnjẹ. Mo kọ lẹ́tà pé mo gbà láti hun ogún náà, mo ya á. Mo kọ òmíràn, mo fi í sápò, mo dé ẹnu ọ̀nà ọjà, mo padà. Mò ń rò pé mo ti lé oníbàárà kan ṣoṣo tí mo ní lọ. Mo tún ń rò pé bí mo bá gba ogún, bí màá bá tún máa jí lówùúrọ̀, tí màá máa sá fún òfì, kí ni mo wá fẹ̀yìn tì fún?

Lọ́jọ́ kẹwàá, alárù kan gbé ẹrù wá láti ìsọ̀ rẹ̀. Òwú ni. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà ṣì í: ó tó ìró méjì gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín. Alárù náà ní Àlàájà ní kí n má ronú jù.

Àná ni mo sọ apá kìíní kalẹ̀. Iṣu wà lórí iná, ó ti ń rùn, ebi sì ń pa mí. Mo ta òwú apá kejì ná.

Sámúẹ́lì, má fo ibi àdúrà o. Ìyá mi, Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ilẹ̀ kò ní yọ̀ yín, òtútù kò ní mú yín, ẹ ó fi ọwọ́ yín gbé ọmọ-ọmọ-ọmọ yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, ẹ sì bá mi kí ẹni tí kò béèrè náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí dókítà sọ sí mi.

Èmi ni ọmọ yín tó ń wo ọ̀nà ilé,

Jósíà