Ìrora Tí A Fi Ọpẹ́ Bò

                                        Via dei Gelsi 14,
                                        Padova.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, 1997.

Jàmílátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá yín tí wọ́n wá láti Ìṣẹ́yìn gbàtọ́jú lọ́dọ̀ rẹ ní Collegno ńkọ́, ṣé oúnjẹ ti ń wọlé sí wọn lẹ́nu? Ẹ kú ìtọ́jú, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Òtútù ti dé bá wa níbí. Inú ilé ló bá mi, nítorí n kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí àárẹ̀ Bàbá Nadirah ti le.

Mo ka lẹ́tà rẹ. O ní bàbá kò sọ pé ibì kan ń dun àwọn. Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí n tètè mú bírò. Jẹ́ kí n sọ fún ọ nípa àṣìṣe tí èmi náà ṣe.

Láti oṣù kẹsàn-án ni dókítà ti sọ pé jẹjẹrẹ inú ọkọ mi ti kọjá iṣẹ́ abẹ, pé ohun tó kù ni kí ìrora má fi ìyà jẹ wọ́n. Nọ́ọ̀sì kan, Martina, ló ń wá sílé wa lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bó bá ti dé, á bèèrè bí ara ṣe rí. Bàbá Nadirah á gbìyànjú láti jókòó dáadáa, wọ́n á ní, "Alhamdulillahi, a dúpẹ́." O mọ̀ wọ́n, ta ni yóò gbọ́ ẹ̀dùn lẹ́nu wọn níwájú àlejò? Èmi ògbufọ̀ á ní ara ń mókun. Martina á kọ ọ́ sínú ìwé, á sì fi oògùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Èmi náà sì ń rí wọn tí wọ́n ń fi eyín di etí ìrọ̀rí mú o. Mo rò pé ẹni tó bá ráhùn ń bá Ọlọ́run jà ni. Mo tún ń bẹ̀rù morfina, oògùn apàrora yẹn, mo rò pé ẹni tí wọ́n bá ti fún ti ń lọ nìyẹn.

Nadirah ló tú àṣírí. O mọ̀ pé èdè Ítálì ló máa ń fi dá wa lóhùn. Ó wo Martina lójú, ó ní, "Papà non riesce più a pregare." Ó ní bàbá òun kò lè forí kanlẹ̀ kírun mọ́, pé orí àga ni wọ́n ti ń kí i, wọ́n sì ń làágùn. Martina kò bá mi jà. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó tẹ dókítà láago, wọ́n sì fi kún oògùn lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà, kò bèèrè bí ara ṣe rí mọ́. Ohun tó ń bèèrè ni pé, kí ni ẹ ṣe lánàá tí ẹ kò lè ṣe lónìí? Ìyẹn ni Bàbá Nadirah ń dáhùn láìfi nǹkan pamọ́. Ní Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n forí kanlẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo dúró sí, mo ń sunkún. Àìsàn náà kò lọ o, mo mọ ibi tí à ń lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń rí oorun sùn, wọ́n sì ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọbẹ̀ mi ti di ti òyìnbó.

Nítorí náà, má bi bàbá bóyá ibì kan ń dùn wọ́n. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọn kò lè ṣe mọ́, kí o sì sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì bó ṣe rí. Ẹni tó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bá mi kí wọn, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra.

Mo fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa ni Martina dé. Nígbà tó ṣe tán, tó ń wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé, "E Lei, signora?" Ìyẹn ni pé èmi ńkọ́. Mo ní, "Alhamdulillahi."

Ó bọ́ bàtà náà, ó padà wá jókòó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé kéú,
Àwáù.